Wọ́n ti ń sunkún

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre, wọ́n ti ń sunkún."

Èmi ni "wọ́n" yẹn. Ọmọbìnrin tó máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ló sọ ọ́, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀ kí n má baà gbọ́. Mo gbọ́. Ìpàdé àárọ̀ la wà, mò ń ṣàlàyé iṣẹ́ tí mo ṣe, ni omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú ọ̀tún mi. Mo nù ún, ó tún dà. N ò sunkún. Inú mi tilẹ̀ ń dùn ni, nítorí iṣẹ́ náà yọrí sí rere.

Ọ̀sán kọjá nídìí kọ̀ǹpútà. Mo tètè délé.

"Jàre" yẹn ló dùn mí jù. Bí ìgbà téèyàn ń bá ọmọ kékeré tó ṣubú bẹ̀bẹ̀.

Láti ìgbà tí nǹkan oṣù mi ti dá, ti ooru òru ni gbogbo èèyàn ń sọ fún mi. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ojú. Kò sí, ẹyọ ẹnì kan. Kí ló dé tí a kì í sọ ọ́ síta?

Dókítà ojú ló là mí lóye lọ́sẹ̀ tó kọjá: ojú tó ń da omi yìí, gbígbẹ ló gbẹ. Mo ní kó tún un sọ. Ó fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ há mi ní ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5, ibi tó rin lára rẹ̀ ò tó mílímítà 6, ìyẹn ni pé omi ojú mi kéré jù. Ó wá tẹ etí ìpéǹpéjú náà, nítòsí ibi tí irun ti hù, ó sì fi ohun tó jáde hàn mí lójú kọ̀ǹpútà: ó funfun, ó ki, bí òróró tó dì. Ó yẹ kó mọ́ gaara ni. Òróró yẹn ló ń bo omi ojú kí atẹ́gùn má gbé e lọ. Họ́mónù, èròjà tí ara ń ṣe tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé kiri, ló ń bá ibi tó ti ń jáde ṣiṣẹ́, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní androgen, tí mo rò pé ọkùnrin nìkan ló ni ín. Tó bá dínkù, òróró á ki, ojú á gbẹ, á máa ta bíi pé iyanrìn wọ̀ ọ́, ara á wá sáré da omi sí i. Omi tí wọ́n rí láàárọ̀ nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n lo oògùn họ́mónù, pé gbogbo ẹ̀ á lọ. Dókítà ní kí n má kánjú. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2001, lórí obìnrin tó lé ní 25,000, fi hàn pé ojú gbígbẹ pọ̀ jù lára àwọn tó ń lo estrogen, họ́mónù obìnrin, nìkan. Dókítà ò ní kí ẹni tó nílò rẹ̀ fún nǹkan mìíràn má lò ó o. Ó wọn ìfúnpá inú ojú mi pẹ̀lú, torí glaucoma, àrùn ojú tó lè fọ́ni lójú, kì í sábà dunni kó tó ba ojú jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ wọn tiyín.

Ojú lọ̀rọ̀ wà, là ń wí. Ojú tèmi ti wá ń sọ ohun tí n ò sọ.

Ǹ bá ti sọ fún ọmọ náà pé kì í ṣe ẹkún. Ṣé á gbà? Àbí mo tiẹ̀ ń sunkún… Nígbà tí mo wọlé tí mo ti ilẹ̀kùn, mo sunkún gidi. Ìyẹn ò ta mí lójú bíi ti àárọ̀.

Màmá mi. Etí aṣọ wọn ni wọ́n fi ń nu ojú ní gbogbo ìgbà, nígbà tí wọ́n lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún. A ó ní, "Wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀," a ó sì jáde kúrò ní yàrá. "Ojú ló ń ta mí," wọ́n á ní. A rò pé ẹkún ni wọ́n ń fi bò. Ẹ̀rín ni wọ́n máa ń rín tẹ̀ lé e, wọn kì í bá wa jà…

Ìṣẹ́jú 10 ni kí aṣọ gbígbóná wà lójú mi lálálẹ́. Èyí tó wà níbẹ̀ ti tutù. Ẹ jẹ́ kí n lọ tún un rì sómi gbígbóná.