Ìdajì àti ìdámẹ́ta ní Kétu

Níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn olùkọ́ ìṣirò láàárọ̀ yìí, 1/2 + 1/3 ló gba àkókò jù. Ọmọ CM2, ìyẹn kíláàsì tó kẹ́yìn ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Benin, á kọ 2/5: ó ro òkè mọ́ òkè, ìsàlẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Ẹ má tíì fi bírò pupa fa ìlà sí i o! Ẹ bi í bóyá 2/5 tó ìdajì. Kò tó o, bẹ́ẹ̀ ìdajì la fi nǹkan kún. Ẹ wá gé bébà sẹ̀ǹtímítà 12: ìdajì rẹ̀ 6, ìdámẹ́ta 4, àpapọ̀ 10 nínú 12, ìyẹn 5/6. Bébà sẹ̀ǹtímítà 10 á da iṣẹ́ rú, torí kò ṣeé pín sí mẹ́ta géérégé.

Ẹ̀yin aṣáájú tó ń lọ wo kíláàsì ẹlẹgbẹ́ yín, ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ ni kí ẹ máa kọ sílẹ̀, kì í ṣe àléébù olùkọ́.