Ta ló ni orí àbùùbùtán? Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lára Lamalera

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí lórí abúlé, yálà nílé tàbí lókè òkun, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ nípa ibì kan tí mo kà nípa rẹ̀ títí nígbà tí mò ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá mi lórí ọrọ̀ ajé àwọn apẹja. Lamalera lorúkọ rẹ̀. Ó wà ní etíkun gúúsù erékùṣù Lembata, ní ẹkùn Nusa Tenggara Timur, lápá ìlà oòrùn Indonesia. Bẹ́ ẹ bá ń wo máàpù, ẹ wá Flores, kẹ́ ẹ wá tẹ̀ lé àwọn erékùṣù tó tò lọ sí ìlà oòrùn rẹ̀: Solor àti Adonara ló ṣáájú, Lembata ló kàn. 1999 ni Lembata kúrò lábẹ́ Flores Timur, tó ní ìjọba agbègbè tirẹ̀. Lewoleba, ní ìhà àríwá, ni olú ìlú rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ohun tẹ́ ẹ máa kà nípa Lamalera ló máa ń bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tí kò sí níbẹ̀. Ilẹ̀ olókùúta ni, ó dàgẹ̀rẹ̀ sínú òkun, ẹ̀ẹ̀rùn rẹ̀ gùn, oko ibẹ̀ kò sì ṣeé gbára lé. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi àìní bẹ̀rẹ̀, òṣì nìkan ló máa rí títí iṣẹ́ á fi parí. Ohun tí mo wá ń kọ́kọ́ béèrè nípa abúlé èyíkéyìí báyìí ni pé: kí ni wọ́n ń pín, ta ló sì ń gba èwo? Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ.

Àbùùbùtán ni wọ́n fi ń gbé ilé ró. Ìwé kan tí àwọn Pọtogí kọ ní 1624 ti mẹ́nu ba àwọn tó ń fi ọ̀kọ̀ pa àbùùbùtán ní agbègbè erékùṣù Solor, nítorí náà kì í ṣe àṣà àná. Láti oṣù May sí October ni àkókò ìpẹja ńlá tí wọ́n ń pè ní lefa. Ìjọ Àgùdà ni wọ́n, Máàsì tí wọ́n ń ṣe létíkun ní ọjọ́ kìíní oṣù May ló sì ń ṣí i. Kódà lẹ́yìn lefa, bí ẹnikẹ́ni bá rí omi tí àbùùbùtán tú sókè lójú òkun, á figbe ta: "Baleo!" Wọ́n á gba igbe náà lẹ́nu ara wọn, àwọn ọkùnrin á sì sáré lọ wọ́ ọkọ̀ sómi.

Ọkọ̀ yẹn, téna, kò ní ìṣó kankan lára. Èèkàn igi ni wọ́n fi de pákó mọ́ pákó. Ewé ọ̀pẹ ni wọ́n hun ṣe ìgbòkun rẹ̀. Lamafa, ẹni tó ń gún ẹran, máa ń dúró sórí pẹpẹ ọparun tó yọ síta níwájú ọkọ̀. Kì í ju ọ̀kọ̀ láti òkèèrè. Fífò ló ń fò, òun àti ọ̀kọ̀ pa pọ̀, kí ìwúwo ara rẹ̀ lè ti irin wọnú ẹran, kó tó wá lúwẹ̀ẹ́ padà sínú ọkọ̀. Àbùùbùtán lè wọ́ ọkọ̀ lọ jìnnà, ó lè fi ìrù fọ́ ọ. Koteklema, irú tó ní eyín, ni wọ́n ń lé. Èèwọ̀ ni àwọn tí kò léyín, títí kan èyí tó tóbi jù láyé.

Ibi tí àwọn onífíìmù sábà máa ń parí sí nìyẹn. Ẹ̀yin, ẹ dúró títí ẹran á fi gúnlẹ̀.

Kí ọ̀bẹ tó kan ẹran rárá, gbogbo ègé ló ti ní olúwa rẹ̀. Ìdílé ló ni ọkọ̀, kì í ṣe ẹnì kan, àwọn tó sì ní ìpín nínú ọkọ̀ ń gba tiwọn bí wọn ò tilẹ̀ wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Àwọn atukọ̀ ní tiwọn. Lamafa ní tirẹ̀. Alágbẹ̀dẹ tó rọ irin ọ̀kọ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà tó kan ọkọ̀, ẹni tó ṣe ìgbòkun, ìpín gbogbo wọn wà níbẹ̀. Orí ńkọ́? Àwọn ìdílé tó ni ilẹ̀ kí àwọn baba ńlá apẹja tó dé ní ẹ̀tọ́ nínú rẹ̀. Bí abúlé ṣe tẹ̀ dó wà lára ẹran! Ẹni tó bá mọ̀ pé ọdẹ tó pa ẹkùn nílẹ̀ wa kì í mú awọ rẹ̀ relé, pé ààfin ló ń gbé e lọ, ọ̀rọ̀ yìí kò ní ṣàjèjì sí i. R. H. Barnes, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá ní Yunifásítì Oxford, tó ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní Kédang lápá kejì Lembata, ló kọ púpọ̀ nínú èyí sílẹ̀, ó tọpa ìdílé, ọkọ̀ àti ègé ẹran lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó lè sú ènìyàn láti kà. Ẹ kà á bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọwọ́ àwọn obìnrin tó kàn án, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ olùwádìí ti ń pa ìwé dé. Àwọn ló ń gbé ẹran gbígbẹ rù gun òkè lọ bá àwọn àgbẹ̀, tí wọ́n ń fi gba àgbàdo, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀gẹ́. Lọ́jọ́ Sátidé, ọjà pàṣípààrọ̀ wà ní Wulandoni. Alábòójútó ọjà á fun fèrè kí ẹnikẹ́ni tó fi ọjà gba ọjà, ẹyọ mẹ́fà-mẹ́fà ni wọ́n sì ń kà á. Ẹni tó bá ka iye ẹran tí wọ́n pa lọ́dún tí kò ka àgbàdo tí ẹran náà dà kò tíì mọ ohun tí Lamalera ń jẹ.

Ní 1973, FAO, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti ọ̀gbìn lágbàáyé, rán ọmọ Norway kan tó gbówọ́ nínú pípa àbùùbùtán lọ síbẹ̀ kó lè fi ọ̀nà ìgbàlódé hàn wọ́n. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi gbìyànjú rẹ̀, kò sì yọrí sí rere. Ìjábọ̀ àjọ náà gbà níkẹyìn pé ọ̀nà tí àwọn ará ibẹ̀ ń gbà pa á bá ohun ìní wọn àti àṣà wọn mu. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹni tó kọ ìyẹn, nítorí kò wọ́pọ̀ kí ẹni tó wá kọ́ni fọwọ́ sí i pé àwọn tí òun wá kọ́ ti mọ̀ ọ́n ṣe.

Michael Alvard, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá, náà ṣe eré kan níbẹ̀ láti fi wo bí wọ́n ṣe ń pín nǹkan. Ẹ gbé nǹkan fún ẹnì kan, kó pín in pẹ̀lú ẹnì kejì tí kò mọ̀ ọ́n. Bí ẹnì kejì bá kọ ohun tí wọ́n fi lọ̀ ọ́, àwọn méjèèjì á lọ lọ́wọ́ òfo. Sìgá ló lò dípò owó, kó má baà jọ tẹ́tẹ́. Nínú àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 pẹ̀lú ti àwọn àwùjọ kéékèèké mìíràn, àwọn Machiguenga ní Peru fi nǹkan bíi 26 nínú 100 lọ ẹnì kejì. Ti Lamalera jẹ́ 58. Wọ́n fún ẹlòmíì ju ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ara wọn lọ! Ẹ má sáré kọ ọ́ pé ọ̀làwọ́ ni wọ́n. Ẹni tí kò lè dá àbùùbùtán pa, tó sì ti ń rí i láti kékeré pé ègé kọ̀ọ̀kan ní ẹni tó ni ín, kì í rò pé òun ń tọrẹ bó bá pín nǹkan. Gbèsè ló ń san.

Nítorí bẹ́ẹ̀ náà ni mi ò ṣe ń tètè dá sí ẹjọ́ àwọn tó ń dáàbò bo ẹja àti àwọn tó ń gbèjà abúlé. Ní 2009, nígbà tí ìjọba ń ṣètò láti dáàbò bo Òkun Sawu, tó wà ní gúúsù Lembata, àwọn ará Lamalera yarí, omi Lembata kò sì sí nínú ètò náà mọ́. Láti 2014 ni òfin ti ka pípa manta, ẹja ńlá pẹlẹbẹ kan, léèwọ̀ jákèjádò Indonesia, bẹ́ẹ̀ manta wà lára ohun tí wọ́n ń pa. Ẹran tó wà nínú ewu ní ẹjọ́ rò. Alágbẹ̀dẹ tí ìpín rẹ̀ máa pòórá náà ní, òun kì í sì í sí níbi ìpàdé.

Bí ẹnì kan nínú yín bá ń wá àkòrí, ọ̀kan rèé. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì, tí wọ́n ń pè ní jonson, ló ń fa téna lọ bá ẹran báyìí. Èèyàn kan ló ra ẹ́ńjìnnì, èèyàn kan ló ń ra epo, kò sì sí epo nínú ìpín tí àwọn baba ńlá fi sílẹ̀. Ẹ lọ wò ó bóyá ara ìpín àwọn atukọ̀ ni wọ́n ti ń yọ ọ́, tàbí ti onígbòkun tí iṣẹ́ rẹ̀ ń dín kù, kẹ́ ẹ sì béèrè lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ń gun òkè bóyá ẹran tó ń kàn wọ́n ti yí padà.