Ìsopọ̀ tó rẹwà ló kọ́kọ́ ya

Àárọ̀ yìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ajórin kọ́kọ́ di ọ̀pá ìjórin mú. Irin pẹlẹbẹ oní-mìlímítà 6 ni, ọ̀pá ìjórin irú tí wọ́n ń pè ní E6013, oní-mìlímítà 3.2, iná rẹ̀ sì wà ní bíi ámpù 110.

Kí a tó tan ẹ̀rọ, wọ́n fi gíráńdà ha ìpẹtà kúrò títí irin fi ń dán. Ibi tó mọ́ bẹ́ẹ̀ ni kílíǹpù tó ń so wáyà ẹ̀rọ mọ́ irin gbọ́dọ̀ gbámú. Bó bá wà lórí ìpẹtà tàbí ọ̀dà, iná á máa já, ọ̀pá á máa lẹ̀ mọ́ irin, akẹ́kọ̀ọ́ á sì rò pé ọwọ́ òun ni kò dáa. Ó máa ń dùn mí bí wọ́n bá torí èyí sọ̀rètí nù.

Àlàfo tó wà láàárín ẹnu ọ̀pá àti irin kò gbọdọ̀ ju ìnípọn ọ̀pá náà lọ. Bó bá gùn jù, irin yíyọ́ á máa ta káàkiri, afẹ́fẹ́ á ráyè wọlé, ihò wẹ́wẹ́ á sì yọ. Kí wọ́n tó jó ìlà kejì, ìdàrọ́, èépá líle tó máa ń bo ojú ibi tí wọ́n jó, gbọ́dọ̀ kúrò pátápátá.

Lẹ́yìn náà la fi báìsì di àwọn irin tí wọ́n jó pọ̀ mú, a sì fi hámà tẹ̀ wọ́n láti dán ìsopọ̀ wọn wò. Èyí tí gbogbo wọn ń yìn ló kọ́kọ́ ya: irin kò yọ́ dé ìsàlẹ̀, torí ẹni tó jó o yára jù. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló yẹ kí gbogbo ètò ìkọ́ṣẹ́ ti máa ṣe ìdánwò yìí.