Àmì Ṣá Ni Àmì

Iṣẹ́ ọ́fíìsì wa kò ṣòroó ṣàlàyé. À ń tẹ ìwé ìtàn Yorùbá pẹlẹbẹ, a sì ń fún àwọn ọmọ tí kò ní ìwé nílé lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án, tí í ṣe Àyájọ́ Ìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà Lágbàáyé tí UNESCO dá sílẹ̀, a máa ń tẹ́ ẹní sí àgbàlá kan ní ìtòsí Ṣómólú, a ó sì pe gbogbo ọmọ àdúgbò.

Ẹni tó bá mọ Ṣómólú mọ̀ pé ojúbọ ìwé títẹ̀ ní Èkó nìyẹn. Ẹ̀rọ ń ké lójúlé kan, wọ́n ń gé bébà ní ìkejì, àwọn obìnrin wà níta lórí àpótí, wọ́n ń ká ìwé. Ẹ má gbàgbé àwọn obìnrin yẹn o.

Bánà ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ sí mẹ́rin la ní kí ilé ìtẹ̀wé bá wa ṣe. Ohun tí a ní kí wọ́n kọ sí i ni: ÌWÉ KÍKÀ PỌ̀ NÍBÍ. TỌMỌDÉ TÀGBÀ, Ẹ MÁA BỌ̀. WhatsApp la fi ránṣẹ́, ibẹ̀ la ti kọ́kọ́ ṣìṣe. À tàbí É kì í dààmú kọ̀ǹpútà, torí àwọn òyìnbó kan náà ń lò wọ́n. Ẹ àti Ọ ni fọ́ǹtì púpọ̀ kò ní. Bí àmì bá tún wá gorí wọn, bíi Ọ̀ tàbí Ẹ́, Unicode, ìyẹn ètò tó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún un. Ṣe ni kọ̀ǹpútà máa gbé àmì lé lẹ́tà lórí, fọ́ǹtì tí kò bá sì mọ̀ ọ́n gbé á yọ àpótí òfìfo sí ẹ lójú. Ẹni tó gbọ́n á fi PDF tí fọ́ǹtì wà nínú rẹ̀ ránṣẹ́, tàbí kó sọ ọ̀rọ̀ náà di àwòrán kó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. A ò gbọ́n lọ́jọ́ yẹn. Ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà níbẹ̀ rí àpótí rẹpẹtẹ, ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ó tún un tẹ̀ fúnra rẹ̀. Àmì òkè ló sún mọ́ ọn lọ́wọ́, òun náà ló fi sí ibi gbogbo. Nígbà tí a bi í lẹ́yìn náà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí àmì ṣá ni àmì?"

Bánà wá jáde báyìí: ÍWÉ KÍKÁ PÓ NÍBÍ. TOMODÉ TÁGBÁ, E MÁÁ BÓ.

Ohun tí wọ́n fẹ́ máa bó, a ò mọ̀ di òní.

Àgùnbánirọ̀ wa la ní kó yẹ̀ ẹ́ wò. Calabar ni ìjọba ti gbé e wá sìnlú, oṣù kẹta rẹ̀ rèé lẹ́nu Yorùbá kíkọ́, ohùn kan náà ló sì ń fi pe gbogbo ọ̀rọ̀. Ó ka àwọn lẹ́tà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ní wọ́n pé. Irọ́ kọ́, wọ́n pé. Ọjọ́ 5 ni dírẹ́bà so bánà mọ́ géètì.

Nígbà tó di ọjọ́ 8, aago méje àárọ̀, ọmọ kan ò tíì dé, obìnrin mọ́kànlá ti wà ní géètì, kálukú pẹ̀lú àpótí ìjókòó àti rúlà. Ìyá Ìbejì ló ṣáájú wọn.

"Ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìwé dà?"

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ó ń bọ̀. Ẹ jókòó, ẹ wá ká ìwé," ni àgùnbánirọ̀ wí.

"Èló lẹ ń ṣe é lọ́gọ́rùn-ún?"

"Rárá o, mà! Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ò ní san nǹkan kan."

Ìyá Ìbejì yíjú sáwọn yòókù. "Ẹ gbọ́ o. Ó ní a ò ní sanwó ká tó ṣiṣẹ́."

"Ẹ mú àwọn ọmọ yín wá náà, mà. Ọmọ kékeré ni a fẹ́ jù."

"Ọmọ tèmi? Kó wá máa ká ìwé? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Iléèwé lọmọ tèmi ń lọ!"

Ibi tí wọ́n bá a dé nìyẹn tí ọ̀gá wa obìnrin fi wọlé. Ó wo bánà, ó wo àwọn obìnrin, ó kawọ́ lérí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀ wọ́n ni kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé ìwé wa dé. Ọ̀ọ́dúnrún ìwé olójú-ewé 16 la san owó fún. Bébà pẹrẹsẹ la bá nínú páálí: kò sí èyí tí wọ́n ká, kò sí èyí tí wọ́n gún. Ọ̀gá wa pe ilé ìtẹ̀wé.

"Ẹ má bínú, mà. Àwọn ìyá tó ń bá wa ká ìwé ò yọjú láti àárọ̀. Wọ́n ní wọ́n ríṣẹ́ síbìkan."

Kíá ni ọ̀rọ̀ owó yanjú láàárín àwa àti àwọn obìnrin náà.

Ìwé kan gba bébà A4 mẹ́rin, èèpo rẹ̀ ṣìkarùn-ún. Ọ̀nà 300, ó di 1,500, ríìmù mẹ́ta géérégé. Géérégé yẹn gan-an ni wàhálà, torí ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí á fi ọgbọ̀n ìwé lé e fún ìbàjẹ́. Ojú ewé 16 àti 1 ló máa ń wà níwájú bébà àkọ́kọ́, 2 àti 15 ní ẹ̀yìn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ títí dé 8 àti 9. Nọ́ńbà méjì tó bá fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ lórí bébà, ẹ rò wọ́n pọ̀: bí kò bá jẹ́ 17, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ ṣì.

Ilé ìtẹ̀wé di bébà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, nítorí náà oríṣi bébà kan ni obìnrin kọ̀ọ̀kan ń ká. Kò pẹ́ tí ìjà fi dé. Ẹni tó mú bébà kìíní rí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin, ó ní Ìjàpá ti délé ní àlàáfíà. Ẹni tó mú ìkẹrin ní irọ́ gbuu, ó ṣì há sínú ìkòkò. Ẹni tó mú ìkejì ń bi wọ́n pé ìkòkò wo.

Àgùnbánirọ̀ la ní kó máa kì wọ́n bọnú ara wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ láti òdì, ogójì ìwé sì ti ń bẹ̀rẹ̀ ní ojú ewé 7 kí Ìyá Ìbejì tó mú un. Kò yẹ ojú ewé àkọ́kọ́ wò rárá. Àárín ló ṣí: bí 8 bá wà lósì, tí 9 wà lọ́tùn-ún, ó parí. Sìtépúlà wa ò gùn tó láti dé ìdí ìwé, nítorí náà a ṣí apá rẹ̀ sílẹ̀, a tẹ́ ìwé sórí páálí, a gún un lẹ́ẹ̀mejì, a sì fi ìdí ṣíbí tẹ ẹsẹ̀ píìnì náà. Ìwé mẹ́sàn-án fàya.

Ìrọ̀lẹ́ ni ilé ìtẹ̀wé fi ìwé owó ránṣẹ́. Owó ìwé títẹ̀ wà níbẹ̀, owó bánà náà wà níbẹ̀. Lórí ìlà kẹta, fún iṣẹ́ tí wọn ò fọwọ́ kàn, ọmọ oníkọ̀ǹpútà wa rí àmì ìsàlẹ̀ lò wàyí: ÌWÉ KÍKÀ, 300.

Ọ̀gá wa pè é lórí fóònù. Ó ní bó bá jẹ́ lóòótọ́ ló kà á, kó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ìjàpá ní ojú ewé 12.