Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lẹ́yìn tí ara mi kọ kọ́ńdọ̀mù

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣẹ̀ṣẹ̀ pé tí mo mọ ohun tí ó ń dà mí láàmú láti bí ọdún kan sẹ́yìn. Ẹ̀yin tí ara yín kọ latex, ìyẹn oje igi rọ́bà tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ kọ́ńdọ̀mù, ẹ óò mọ ohun tí mò ń sọ.

Ní gbogbo ìgbà tí èmi àti ọkọ mi bá ti wà pọ̀, ojú ara mi yóò wú, yóò máa ta mí bí ẹni fi ata sí i, n kò sì ní lè jókòó dáadáa títí di ọjọ́ kejì. Oògùn àkóràn ni mo ń lò ṣáá, àyẹ̀wò sì ń fi hàn pé kò sí àkóràn kankan. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ọkọ mi jókòó sí etí ibùsùn, ó wò mí títí, ó wá béèrè bóyá ẹlòmíràn wà tí ó ń kó àrùn ràn mí. N kò rí èsì kankan fọ̀, nítorí pé èmi gan-an kò mọ ohun tí ó ń ṣe mí, mo sì rí i lójú rẹ̀ pé ó ka ìdákẹ́jẹ́ẹ́ mi sí ìjẹ́wọ́. A kọ ẹ̀yìn síra wa sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni a sì ń sùn fún oṣù méjì.

Nọ́ọ̀sì kan ni ó bi mí bóyá ètè mi máa ń wú bí mo bá fẹ́ bàlúùnù àwọn ọmọdé, àti bóyá ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tàbí píà máa ń yún mi lẹ́nu. Méjèèjì rí bẹ́ẹ̀. Àyẹ̀wò ara àti ti ẹ̀jẹ̀ sì jẹ́rìí sí i pé latex ni ara mi kọ̀.

Nítorí náà, bí àyẹ̀wò kò bá rí àkóràn, ẹ yẹ rọ́bà náà wò kí ẹ tó yẹ ìwà ẹnikẹ́ni wò. Ẹ má sì máa fara dà á, nítorí pé ó lè máa le sí i, ó sì ń dí ẹlòmíràn lọ́nà èémí.

Ẹ má tìtorí rẹ̀ pa kọ́ńdọ̀mù tì. (Ẹ má bi mí ìdí tí tọkọtaya fi ń lò ó, ohun tí àwa méjèèjì fẹnu kò lé lórí ni.) Èyí tí wọ́n fi polyurethane, irú ike kan, ṣe wà, ṣùgbọ́n kì í nà tó latex, ó sì lè yọ tàbí kí ó ya jù ú lọ. Ti polyisoprene, ìyẹn rọ́bà àtọwọ́dá, máa ń nà dáadáa, kò sì ní èròjà inú oje igi náà tí ara mi kọ̀. Òun ni àwa ń lò. Ẹ má fi òróró tàbí ìpara olóròóró kàn án o, yóò bà á jẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé kẹ́míkà tí wọ́n fi ń ṣe rọ́bà ni ara yín kọ̀, ó lè má bá yín mu. Kọ́ńdọ̀mù obìnrin tí wọ́n ń pè ní FC2, nitrile, rọ́bà àtọwọ́dá mìíràn, ni wọ́n fi ṣe é, Amẹ́ríkà sì ti fọwọ́ sí i láti ọdún 2009.

A fẹ́rẹ̀ẹ́ ra èyí tí wọ́n fi ìfun àgùntàn ṣe, nítorí pé a rí i lára páálí rẹ̀ pé kò sí latex nínú rẹ̀. Ó lè dènà oyún, ṣùgbọ́n ihò inú rẹ̀ tóbi tó kí kòkòrò HIV gbà á kọjá. Ẹ ka páálí náà tán.

Ẹ tún bojú wo oògùn apàtọ̀ tí wọ́n máa ń fi pa àwọn kọ́ńdọ̀mù kan lára, nonoxynol-9, nítorí pé ó lè ta ojú ara láìjẹ́ pé rọ́bà jẹ̀bi. Mo tún ń tẹnu mọ́ ọn pé kí ẹ wádìí kí ẹ tó fura síra yín. Oṣù méjì tí a fi kẹ́yìn síra wa kò ṣeé gbà padà.

Ẹ sọ fún gbogbo dókítà tí ó bá fẹ́ fọwọ́ kàn yín pẹ̀lú. Nígbà tí mo lọ ṣe ìtọ́jú eyín ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kí n tó la ẹnu ni ọkọ mi ti sọ fún wọn pé kí wọ́n má fi ìbọ̀wọ́ latex kàn mí.