Ohun tí èéfín forklift kọ́ mi

Ọdún 9 ni mo fi wa forklift, ìyẹn ọkọ̀ tí a fi ń gbé ẹrù sókè, kí n tó di alábòójútó ilé ìkẹ́rùsí, mo sì ti wa èyí tó ń lo dísù, èyí tó ń lo gáàsì àti oníbátìrì. Bí ẹnikẹ́ni bá ń béèrè lọ́wọ́ mi èyí tó yẹ kí òun rà, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ ni ibi tí yóò ti máa ṣiṣẹ́: ṣé ìta gbangba ni, àbí inú ilé tí wọ́n máa ń tìlẹ̀kùn rẹ̀?

Bó bá jẹ́ ìta ni, mo fara mọ́ onídísù. Ó máa ń gbé ẹrù wíwúwo gun ibi tó dà gẹ̀rẹ́, kì í bẹ̀rù ilẹ̀ gbágungbàgun, bẹ́ẹ̀ ni iye tí wọ́n ń tà á sábà máa ń kéré sí ti oníbátìrì. Bí epo bá tán, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni a ó fi rọ òmíràn sí i, nígbà tí bátìrì tó ń lo ásíìdì máa ń gba nǹkan bíi wákàtí 8 kí iná tó kún inú rẹ̀, tí ó sì tún yẹ kí ó tutù dáadáa kí a tó lò ó.

Inú ilé ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ní ọjọ́ kan tí òtútù mú, a ti gbogbo ilẹ̀kùn, a sì ń fi forklift onígáàsì to ẹrù láti àárọ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, orí ń fọ́ mi, èébì ń gbé mi, mo sì rò pé ibà ni, àfi ìgbà tí àwọn mẹ́ta mìíràn sọ pé bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ló ń ṣe àwọn. Ọ̀gá wa ní kí gbogbo wa sáré jáde. Carbon monoxide, ìyẹn afẹ́fẹ́ olóró inú èéfín ẹ́ńjìnnì, ló fà á. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì máa ń gba ipò ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀. Èéfín gáàsì kì í dúdú, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi rò pé kò léwu, èmi náà sì wà lára wọn títí di ọjọ́ náà. Ti dísù ní ewu tirẹ̀: ní ọdún 2012, àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó máa ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró.

Lẹ́yìn náà la wá mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí a ti ṣe sáfíìsì ẹ́ńjìnnì náà kẹ́yìn. Fílítà afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti dí, epo kì í sì í jóná tán mọ́, èyí tó ń mú kí carbon monoxide pọ̀ sí i. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ọjọ́ sáfíìsì falẹ̀ rárá. Ẹ tún máa ti ẹnu sílíńdà gáàsì bí ẹ bá gbé ọkọ̀ náà kalẹ̀, kí ẹ má sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kòtò, nítorí pé gáàsì tó bá jò wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ni yóò sì kóra jọ sí.

Ní ibi tí mo ń bójú tó báyìí, a fa ìlà pupa sí ẹnu ọ̀nà. Onídísù kì í kọjá rẹ̀. Ibẹ̀ ni ó ń já ẹrù sílẹ̀ sí, tí oníbátìrì yóò sì gbé e wọlé.