Ohun Tí Mo Kọ́ Nídìí Gbígbin Marúgbó ní Ilé-Ifẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ gbin marúgbó, ewé tí a fi ń se ọbẹ̀, sẹ́yìnkùlé rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, kó wá ibòòji fún un kó tó wá ẹ̀ka rẹ̀ rárá. Bí a bá ti gbọ́ pé ewé ọbẹ̀ ni nǹkan, ebè ẹ̀fọ́ ni ọkàn ọ̀pọ̀ nínú wa ń lọ: ká kọ ebè sínú oòrùn, ká máa bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ká máa retí kó kún. Tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ gba irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀. Marúgbó kò gbà á. Ewéko inú igbó ni, abẹ́ igi ńlá ni wọ́n ti ń bá a, ara igi tó bá wà nítòsí ló sì ń gùn wá ìmọ́lẹ̀.

Ewé yìí kì í ṣe àjèjì sí ará Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ. Òun ni wọ́n fi ń se ọbẹ̀ dúdú tí wọ́n ń fi pupurú jẹ. Àwa tí a wà ní Ifẹ̀ ni kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá dé ọjà Odò-Ògbè, ẹfinrin ni ẹ ó rí lórí igbá. Ìyá ọkọ mi, ọmọ Okitipupa, ló kọ́kọ́ sè é fún mi nígbà tí mo bímọ, láìfi epo sí i, pẹ̀lú ẹja gbígbẹ, eèrù àti ìyèré. Láti ìgbà náà la ti ń retí ẹni tó bá ń bọ̀ láti ọ̀nà Oòrè kó bá wa gbé ewé rẹ̀ wá. Lọ́jọ́ kan Màmá ní, “Ìyàwó mi, ẹ̀yìn ilé la ti ń já a nígbà tí a wà lọ́mọdé.” Ibi tí wọ́n ti ń já a nígbà náà ti di oko ọ̀pẹ báyìí. Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi gbin ín.

Clerodendrum volubile ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é. Palisot de Beauvois, ará Faransé tó dé ilẹ̀ Wàrì àti Bìní lọ́dún 1786, ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Ẹbí kan náà ni wọ́n ka òun àti ẹfinrin sí, àti igi tíìkì tí wọ́n gbìn sínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ níbí. Ewé rẹ̀ máa ń kojú ara wọn ní méjì méjì, wọ́n ṣú, wọ́n ń dán. Òdòdó rẹ̀ funfun, òṣùṣù ló ń yọ. Àmọ́ ewéko tó ń fà tó sì jọ ọ́ pọ̀ nínú igbó. Ìdí nìyí tí mi ò fi lè gba ẹ̀ka lọ́wọ́ ẹni tí kì í sè é jẹ. Igi tí Màmá fúnra wọn mọ̀ pé òun ni wọ́n ń já sínú ọbẹ̀ ni mo ti gé tèmi.

Ìgbà òjò la ń gé e. Mo máa ń dúró kí òjò oṣù karùn-ún fìdí múlẹ̀ kí n tó fọwọ́ kàn án. Ẹ̀ka tó dára ni èyí tí kò tíì di igi tán, tí kì í sì í ṣe ọ̀mùnú tó ń rọ̀ dẹ̀dẹ̀. Mo ń gé e tó gígùn pẹ́ńsù, kí oríkèé mẹ́ta wà lára rẹ̀. Ewé ìsàlẹ̀, mo máa ń já wọn kúrò. Tòkè, mo máa ń fi abẹ gé e sí ìdajì, torí ẹ̀ka tí kò tíì ní gbòǹgbò kò lè fa omi tó fún ewé ńlá. Oríkèé kan, ó kéré tán, gbọ́dọ̀ wọlẹ̀, ibẹ̀ ni gbòǹgbò ti ń yọ. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí mo ti lu nídìí ni mo ń gbìn ín sí, pẹ̀lú ilẹ̀ dúdú abẹ́ igi kòkó àti yanrìn díẹ̀. N ó wá fi ọ̀rá tó mọ́ gaara bo orí rẹ̀ kó má bàa gbẹ.

Ibí yìí ni sùúrù ti ń tán lára ọ̀pọ̀ èèyàn. Ewé tuntun lè yọ lórí ẹ̀ka tí kò ní gbòǹgbò kankan, torí oje tó wà nínú igi náà tó gbé e jáde. Ẹ má torí ewé yẹn gbé e lọ sílẹ̀, ẹ má sì fà á wò. Ẹ jẹ́ kí gbòǹgbò yọ nídìí ọ̀rá ná.

Igi tí yóò gùn ló kàn. Bí ẹ bá fi ọ̀pá gbígbẹ tì í, ikán á jẹ ọ̀pá náà tán. Akòko ni mo yàn. Ọ̀pá akòko tútù tí a bá rì mọ́lẹ̀ lásìkò òjò yóò sọ, á dúró ṣánṣán, ewé rẹ̀ á sì ṣíji bo marúgbó láìdí ìmọ́lẹ̀ pátápátá. Ó yẹ kó ti wọlẹ̀ ní ọdún kan ṣáájú. Nílùú tí wọ́n ti ń fi ewé akòko joyè bí Ifẹ̀, ẹ ò ní ṣaláì rí ẹni tí yóò gé ọ̀pá kan fún yín. Ẹ fi wáyà yí ìdí rẹ̀ ká nítorí ewúrẹ́.

Ọyẹ́ ló le jù fún un. Láti oṣù kọkànlá títí dé oṣù kejì, mo máa ń kó ewé gbígbẹ sídìí rẹ̀ kó nípọn, ṣùgbọ́n n ó fi àlàfo tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ kí ikán má bàa gba ibẹ̀ gun igi náà. Ìgbẹ́ adìyẹ dára bó bá ti jẹrà tán. Tútù rẹ̀ a máa jó gbòǹgbò. Lọ́dún àkọ́kọ́, ẹ má já nǹkan kan lára rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa já ewé tó ti gbó, kí ẹ má já ti ẹ̀ka kan tán, kí ẹ sì máa rẹ́ orí rẹ̀ kó lè pẹ̀ka.

Wọ́n ń sọ pé ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ. Àwọn olùwádìí ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀-ẹ̀rọ ìjọba àpapọ̀ tó wà l'Ákùrẹ́, ti yẹ ewé náà wò nínú yàrá àyẹ̀wò wọn, inú mi sì dùn sí i, àmọ́ oúnjẹ ni mo gbin ín fún. Ẹni tí dókítà bá fún lóògùn, kó máa lo oògùn rẹ̀, kó sì sọ ohun tó ń jẹ fún dókítà.

Ẹ̀ka tí mo ń gé lọ́dọọdún ju èyí tí mo lè gbìn lọ, mo sì ń pín in. Bó bá wà lẹ́yìnkùlé kan ṣoṣo, ẹni tó fẹ́ kọ́lé lè pa á run láàárọ̀ ọjọ́ kan. Bó bá wà ní Parakin, ní Modákẹ́kẹ́, ní Ẹlẹ́yẹlé, ẹni tí tirẹ̀ bá kú yóò rí ibi tí yóò ti tún un gé. Ṣùgbọ́n mo máa ń béèrè kí n tó fúnni: ṣé igi wà lẹ́yìnkùlé yín? Ẹni tó bá ní ibòòji, mo máa ń fún un ní ọ̀rá mẹ́ta tó ti ta gbòǹgbò. Ẹni tí kò bá ní, ọ̀pá akòko ni mo ń gé fún un, kó lọ rì í mọ́lẹ̀, kó padà wá gba marúgbó nígbà òjò ọdún tó ń bọ̀.